Ọ̀rọ̀ Jámánì Tó Fẹ́ Gbé Mọ̀nsúrát Ṣubú

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi Mọ̀nsúrát ní ìbéèrè, ẹ̀ẹ̀kan péré náà ló sì dáhùn. Ìdáhùn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà sí Ìsẹ́yìn.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Kò tíì bọ́ kóòtù òjò tó wọ̀ tí Chloe, máníjà ilé ìtọ́jú arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Old Trafford, fi nawọ́ pè é wọ ọ́fíìsì. Chloe tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ẹ̀rín, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo ọwọ́ Mọ̀nsúrát. Kì í ṣe ojú rẹ̀ o. Ọwọ́ rẹ̀! Ìka kọ̀ọ̀kan ló ń tẹjú mọ́, bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá fura pé ẹnìkan ti dé ìdí ìkòkò.

Julius ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Monica bí. Màmá Monica fúnra rẹ̀ ni arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún tó wà ní yàrá kejìlá, ọmọ Jámánì tí sójà Gẹ̀ẹ́sì kan fẹ́ wá sí Manchester nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tó fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Jámánì tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí látọjọ́ tó ti pẹ́ wá gòkè, ó jókòó sórí àga. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ilé náà. Julius gan-an ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

"Òrùka ìgbéyàwó màmá mi ti sọnù," Julius ní. "Àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ó wà lọ́wọ́ wọn ní Sátidé. Nígbà tí mo máa dé lánàá, ìka wọn ti ṣófo. Mo bi wọ́n pé ibo ni òrùka wà. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n sọ."

Ó na fóònù síta. Nínú fídíò tó ká, Màmá Monica jókòó sórí àga, tẹlifíṣàn ń ké lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èrò inú tẹlifíṣàn ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba ìbéèrè kan. Màmá na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ta ló ń gbé àwo tíì kọjá lẹ́nu ọ̀nà? Mọ̀nsúrát ni. Ẹnu màmá ń mì, ṣùgbọ́n ìpàtẹ́wọ́ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà mì, ó ku ẹyọ kan péré tó jáde gbangba: *aufgehoben.*

Julius fi ọ̀rọ̀ kan yẹn sẹ́nu fóònù kó túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin inú fóònù, tí ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn tó ń kéde ọkọ̀ ojú irin, ní: "Lifted."

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá lift nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, olè ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ìyẹn fún Mọ̀nsúrát? Lójú tirẹ̀, lift ni kéèyàn gbé nǹkan sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì lórí rẹ̀, ó gba sátífíkéètì: bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga láìṣe é léṣe. Òrùka náà sì bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́ ní Sátidé. Òun náà ló gbé e ńlẹ̀ lóòótọ́.

"Mọ̀nsúrát," Chloe ní, ohùn rẹ̀ rọra, "ṣé o lift òrùka náà?"

"Yes," Mọ̀nsúrát ní, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "I lift it very well."

Julius fò dìde bí ẹni tí tàmọ́tíyé ta. Chloe di bírò mú, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí Mọ̀nsúrát tó mọ ohun tó ṣe, wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. "Lọ sílé," ni Chloe wí. "Ọjọ́ Tọ́sìdé la máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tí kò bá sí àlàyé, a ò ní lè dúró fún físà rẹ mọ́." Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá sì já ọwọ́ lára físà rẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba máa fún un, kó wá ẹlòmíràn tó máa gbà á tàbí kó di ẹrù rẹ̀.

Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Longsight. Ẹni tó jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, Mọ̀nsúrát sì rò ó pé, "Ó ti dé etí ẹni yìí náà!"

Súnkànmí ọkọ rẹ̀ wà nílé, ó ń jẹ ẹ̀wà kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Trafford Park, níbi tó ti ń to páálí ní wíáháòsì. Ẹ má fi ojú páálí wò ó o. Súnkànmí gboyè nínú èdè Jámánì ní Ifẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko! Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í nígbà náà pé, "Ta lo fẹ́ bá sọ ọ́? Ewúrẹ́?" Mọ̀nsúrát náà, bí ìjà bá ti dé, ọ̀rọ̀ Jámánì yìí ló kọ́kọ́ máa ń jù lù ú.

"Ẹ káàsán o," Mọ̀nsúrát ní.

Súnkànmí sọ ṣíbí kalẹ̀. Ọmọ ọdún kan náà ni wọ́n, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí Mọ̀nsúrát bá ti wá fi "ẹ" kí ọkọ rẹ̀, ẹnìkan máa kú.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Súnkànmí ní, "Kí ni màmá yẹn sọ gan-an? Sọ ọ́ bó o ṣe gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ náà ní ọbẹ̀ nínú. Áúfù... áúfù-gẹ-họ́bẹ̀."

"Aufgehoben!" Súnkànmí fò sókè, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó pàdé ọmọ kíláàsì rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Aufheben ni ìdí rẹ̀! Mọ̀nsú, ọ̀rọ̀ àgbà ni! Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń bá ara wọn jà!"

"Iṣẹ́ mi ń lọ, o ń yọ̀."

"Wò ó." Ó gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Heben ni kéèyàn gbé. Auf ni òkè. Mo gbé àwo ńlẹ̀, aufheben nìyẹn." Ó gbé e. "Àmọ́ nǹkan tá a bá gbé ńlẹ̀, ibo là ń gbé e sí? Ibi tí ọmọdé ò ti ní fọ́ ọ." Ó gbé àwo náà sórí fíríìjì. "Mo ti fi pamọ́. Aufheben náà nìyẹn. Láyé àtijọ́, tí àwọn ọlọ́lá wọn bá jẹun tán, tábìlì gan-an ni wọ́n máa ń gbé kúrò níwájú àlejò. Tí wọ́n bá ti gbé tábìlì, oúnjẹ ti parí, kálukú máa lọ sílé. Látibẹ̀ ni ó ti di pé kéèyàn fòpin sí nǹkan, kó fagi lé e. Aufheben nìyẹn náà!"

Mọ̀nsúrát wo orí fíríìjì. "Ẹran méjì ló wà nínú àwo yẹn nígbà tí mo wọlé."

"Mọ̀nsú, gbọ́ mi."

"Ẹran kan ló kù."

"Bí 'gbé' tiwa ló rí! A lè gbé ọmọ, a lè gbé nǹkan pamọ́, a sì lè gbé e..." Súnkànmí dákẹ́. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó ti rántí ohun tí ọ̀gá wọn sọ ní kíláàsì, pé heben yìí, bá a bá tọ gbòǹgbò rẹ̀ dé ìdí, kì í ṣe gbígbé ló kọ́kọ́ jẹ́. Kéèyàn ki nǹkan mọ́lẹ̀, kó gbá a mú ni. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo báàgì rẹ̀. "Mọ̀nsú... ṣé o mú un ni?"

Háà.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n fi gbogbo orúkọ oríkì Súnkànmí pè é, wọ́n sì fi ìdí ẹ̀kọ́ Jámánì hàn án. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, Mọ̀nsúrát sọ bó ṣe jẹ́. Ó ń fọ ọwọ́ fún màmá ní Sátidé, òrùka yọ́ bọ́ nítorí ìka ti gbẹ, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ó gbé e, ó nù ún, ó fi lé màmá lọ́wọ́. Màmá pa ọwọ́ dé, ó ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Ó wá fọwọ́ pa Mọ̀nsúrát lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tán.

"Màá tẹ̀ lé ọ lọ ní Tọ́sìdé," Súnkànmí ní.

"Láti lọ bi mí níwájú wọn bóyá mo mú un?"

Tọ́sìdé pé. Òjò ń rọ̀, Mọ̀nsúrát wọ kóòtù òjò rẹ̀, wọ́n lọ. Ògbufọ̀ tí Chloe ń wá kò lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ló bá gbà kí Súnkànmí wọlé. Julius yarí.

"Ọkọ rẹ̀? Ọkọ ẹni tá à ń fura sí lẹ fẹ́ kó ṣe ògbufọ̀?"

"Fóònù yín ṣáà wà níbẹ̀," Súnkànmí ní. "Kó máa ṣọ́ mi."

Wọ́n gbé fídíò náà fún un. Ó fi íápíìsì sétí, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ó yọ ọ́ létí. "Ọ̀rọ̀ náà ni *gut aufgehoben*. Kì í ṣe olè rárá. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan wà níbi tó dára, pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ṣáájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ *bin* ni màmá sọ, ó ní: ọwọ́ rere ni mo wà lọ́dọ̀ obìnrin yìí. Tó bá jẹ́ *ist*, ó ní: òrùka náà wà lọ́dọ̀ obìnrin yìí, ó wà nípamọ́ dáadáa."

Iṣẹ́ Mọ̀nsúrát, físà rẹ̀, ilé tí wọ́n háyà ní Longsight, gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lórí *bin* àti *ist*.

"Èwo lo gbọ́?" Chloe béèrè.

Mọ̀nsúrát ranjú mọ́ ọkọ rẹ̀. *Bin*, ojú rẹ̀ ń sọ. Sọ *bin*, ọmọ bàbá rẹ, sọ *bin*.

Súnkànmí mí kanlẹ̀. "Ìpàtẹ́wọ́ ló bò ó. Mi ò gbọ́ ìkankan."

"Súnkànmí," Mọ̀nsúrát ní, pẹ̀lú ẹ̀rín lójú, "ìta lo máa sùn títí wọ́n á fi dá wa padà."

"Kí ló sọ?" Chloe béèrè.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ògbufọ̀ ní.

Àmọ́ ẹ wo bí ayé ṣe rí. Irọ́ tí Súnkànmí kọ̀ láti pa yẹn ló mú Chloe gbà á gbọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ bi màmá fúnra wọn."

Ní yàrá kejìlá, Súnkànmí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Màmá Monica bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Màmá fura, ó bẹ ilẹ̀ wò bóyá nǹkan ló jábọ́ lára rẹ̀. Súnkànmí wá kí i ní èdè Jámánì tó kọ́ nínú ìwé, ìwé náà sì ti gbó. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti pẹ́ tóun gbọ́ irú Jámánì bẹ́ẹ̀, bí bàbá bàbá òun ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Julius ti tan fóònù rẹ̀, ó nà án sáàárín wọn.

"Wo ist der Ring?" Súnkànmí béèrè ibi tí òrùka wà.

Màmá fi igun ojú wo Julius. Ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ò gbọ́ Jámánì. Ó rọra ní, "Im Saum."

Obìnrin inú fóònù ní: "In the fence."

"Inú fẹ́ǹsì!" Julius kígbe. Kí Súnkànmí tó la ẹnu, bàbá àgbàlagbà ti já sínú òjò, ó ń ti ọwọ́ bọ àárín pákó fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé. Chloe gbé agbòjò, ó sáré tẹ̀ lé e.

"*Zaun* ni fẹ́ǹsì," Súnkànmí ní. "*Saum* ni wọ́n sọ. Ìṣẹ́tí aṣọ."

Màmá fà á mọ́ra. "Ṣé ọkùnrin yẹn ti lọ?" Jámánì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó ní gbogbo Sọ́ńdè lọkùnrin náà ń wá. Ó máa di ọwọ́ òun mú, ó máa yí òrùka síwá, ó máa yí i sẹ́yìn. Òun mọ ohun tó ń wá. Ìdí nìyẹn tóun fi fi òrùka náà síbi tí kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó na ìka sí Mọ̀nsúrát. "Bei ihr ist er gut aufgehoben."

Súnkànmí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "*Ist* ni o."

"*Ist* kẹ̀?"

"Ó wà lára rẹ, Mọ̀nsú. Màmá ní àwọn rán an mọ́ ìṣẹ́tí kóòtù rẹ nígbà tó o fi kọ́ ẹ̀yìn àga ní Sátidé."

Mọ̀nsúrát fọwọ́ tọ ìṣẹ́tí kóòtù rẹ̀ lọ láti ọ̀tún dé òsì. Ó kan nǹkan kan. Ó le, ó rí roboto. Òun ló wọ kóòtù yìí wọ ọ́fíìsì ní Mọ́ńdè! Òun ló wọ̀ ọ́ wọ bọ́ọ̀sì! Láti Mọ́ńdè ló ti ń búra pé òrùka ò sí lọ́wọ́ òun, òrùka sì ń lù ú lórúnkún!

"Bọ́ ọ kíá," Súnkànmí ní, olóòótọ́ ọkùnrin. "Ká já a, ká jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n máa rí i níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán."

"Ìwọ tí o ò lè sọ *bin*?"

"Ìyẹn yàtọ̀!"

"Tí wọ́n bá wọlé bá ọwọ́ mi nínú aṣọ ńkọ́? Wọn ò ní nílò ògbufọ̀ mọ́." Mọ̀nsúrát bọ́ kóòtù náà, ó ṣí fèrèsé, ó fi gbogbo agbára pè: "Chloe! Ẹ fi fẹ́ǹsì sílẹ̀! Ara mi ló wà!"

Wọ́n dé, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún Julius. Ó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí kóòtù, ó kígbe. "Mo sọ fún yín! Ara rẹ̀ náà ló wà!" Chloe wo ilẹ̀. Súnkànmí ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ ni àlàyé ti ń jáde, etí kan ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ọ.

"Chloe, ẹ̀yin náà mọ̀ mí," Mọ̀nsúrát ní, omi ti dé ojú rẹ̀. "Bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù mi tó já ní Kérésì, píìnì ni mo fi dè é títí di òní. Ta ló rán irú èyí?"

Lóòótọ́, okùn náà gún régé, ó ṣe wẹ́kú bíi ti ẹ̀rọ. Chloe ń gbé e yẹ̀ wò nígbà tí Màmá Monica pòṣé. Ó gba kóòtù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣí àpò awò ojú rẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ kan, ó yọ abẹ kékeré kan, nǹkan méjì tí kò yẹ kó wà nínú ilé náà rárá. Ọwọ́ tí kì í gbé ife tíì láìdà á nù, kò gbọ̀n mọ́. Kò wò ó, ó mọ ibẹ̀. Ó já okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹyín gé èyí tó kẹ́yìn. Òrùka bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Julius rọra jókòó. "Ogójì ọdún ni wọ́n fi rán kóòtù òjò ní ilé iṣẹ́ kan nílùú yìí," ó ní. "Ọwọ́ wọn nìyẹn. Mo mọ ọwọ́ wọn." Ó gbójú sókè. "Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi fi pamọ́? Ta ni wọ́n ń sá fún?"

Gbogbo wọn wo Súnkànmí. Súnkànmí họ orí. "Wọ́n ní... ọkùnrin kan máa ń wá ní gbogbo Sọ́ńdè. Ó máa ń yí òrùka náà lọ́wọ́ wọn."

"Ọkùnrin wo?"

Ó pẹ́ kó tó yé Julius pé òun ni. Nígbà tó yé e, ó ní, "Orúkọ bàbá mi ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Mo kàn ń wò ó ni. Ìka wọn ti ń gbẹ, ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa bọ́." Ó nawọ́ sí màmá rẹ̀. Màmá fa òrùka náà sẹ́yìn, ó pariwo: "Dieb!"

"Kí ni wọ́n sọ?" Julius béèrè.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ sinmi," Súnkànmí ní wéré.

"Thief," ni obìnrin inú fóònù wí látinú àpò Julius. Ìyẹn nìkan ló gbà látàárọ̀.

Mọ̀nsúrát ló kúnlẹ̀ ti màmá, tó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ìmí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Chloe wò wọ́n, ó jáde. Nígbà tó padà, ó mú lẹ́tà kan bọ̀, ẹ̀rín ti padà síbi iṣẹ́. Mọ̀nsúrát kà á dé ìlà kejì, ló bá figbe ta.

"Súnkànmí! Wọ́n tún kọ ọ́! *Your suspension has been lifted!* Èmi kọ́ ni mo gbé e o! Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí!"

"Rárá, rárá," Chloe ní. "A ti fòpin sí i ni. O lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí."

"Ìtumọ̀ kẹta nìyẹn gan-an!" Súnkànmí ti ń yọ̀. "Wọ́n gbé tábìlì—"

"Gbé ẹnu rẹ dákẹ́. Chloe, mi ò fẹ́ lift kankan nínú fáìlì mi. Ẹni tó máa kà á lọ́la, mi ò mọ ìwà rẹ̀. Ẹ kọ *finished*."

Chloe fa igi lé e, ó kọ *finished*. Mọ̀nsúrát ní kó buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fagi lé, kí wọ́n má baà sọ pé òun ló fa igi náà. Chloe buwọ́ lù ú. Mọ̀nsúrát kà á látòkè délẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá nǹkan ń sá pamọ́ síbẹ̀, kó tó wá fọwọ́ sí i. Ó lé Súnkànmí lọ sí Trafford Park kí wọ́n má lọ dá òun náà dúró. Aago tíì ti lù. Julius ló ṣí ilẹ̀kùn fún un kó lè gbé àwo wọlé sí yàrá kejìlá. Bí ó ti ṣí i tán, ó yára ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò níṣojú màmá.